Ọjọ́ tí Jóṣúà dá oòrùn dúró: ṣé lóòótọ́ ni kọ̀ǹpútà NASA rí i?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Olùkọ́ Sunday School ni mí ní Kubwa, kíláàsì àwọn ọ̀dọ́ ni mo ń kọ́. Fídíò kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ fi Yorùbá ṣàlàyé ketekete pé kọ̀ǹpútà NASA, ilé iṣẹ́ òfurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ti rí ọjọ́ kan tó sọnù nínú ìtàn ayé, ìyẹn ọjọ́ tí Jóṣúà ní kí oòrùn dúró. Mo jẹ́ kí àwọn ọmọ wò ó. Ọ̀kan nínú wọn tó ń ka Físíìsì ní yunifásítì ní irọ́ gbuu ni. Inú bí àwọn òbí kan, wọ́n ní ọmọ náà ti di aláìgbàgbọ́. Ta ló tọ̀nà, Bàbá? Tó bá sì jẹ́ irọ́ ni, ṣé ohun tó wà nínú Bíbélì náà ti di irọ́ nìyẹn?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, olùkọ́ wa. Ẹ jẹ́ kí n tètè dáhùn apá kan kí ọkàn yín lè balẹ̀: ọmọ yẹn ló tọ̀nà. Kò sí kọ̀ǹpútà kankan ní NASA tó rí ọjọ́ tó sọnù. Apá kejì, ìyẹn ohun tí a óò wá ṣe sí Jóṣúà orí kẹwàá, ló gba àlàyé, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ pẹ́ sí.

Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ìtàn náà nìyí. Àwọn onímọ̀ NASA ní Greenbelt, ìpínlẹ̀ Maryland, ń ṣírò ibi tí oòrùn, òṣùpá àti àwọn pílánẹ́ẹ̀tì yóò wà lọ́dún gbọọrọ sí i, kí ohun tí wọ́n bá rán lọ sófurufú má baà lọ forí sọ nǹkan. Kọ̀ǹpútà ṣàdédé dúró, ó tan iná pupa, ó ní ọjọ́ kan dín. Gbogbo wọn ń họrí, àfi ìgbà tí ọ̀kan nínú wọn rántí ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní Sunday School. Wọ́n ṣírò padà dé ìgbà Jóṣúà, wọ́n bá wákàtí 23 àti ìṣẹ́jú 20 níbẹ̀. Ó ku ìṣẹ́jú 40. Ọ̀gbẹ́ni yẹn tún ní kí wọ́n ṣí ìwé Àwọn Ọba Kejì orí 20, níbi tí òjìji ti padà sẹ́yìn nígbà ayé Hesekáyà. Ìṣẹ́jú 40 géérégé! Gbogbo àwọn onímọ̀ bá gbà fún Ọlọ́run.

Ó dùn ún gbọ́, ó sì ní ẹni tó bí i. Harold Hill, oníṣòwò ẹ̀rọ kan ní Baltimore, ló máa ń sọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbi tí wọ́n bá ti pè é láti sọ̀rọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1970, ìwé ìròyìn kan ní ìlú Spencer, ìpínlẹ̀ Indiana, gbé e jáde, iná sì ran pápá. Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí ya wọ NASA. Èsì tí wọ́n fọ̀ ni pé àwọn kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀, pé Hill ti ṣe iṣẹ́ ẹnjiníà fúngbà díẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn rí, àmọ́ iṣẹ́ tó ṣe kò kan kọ̀ǹpútà tàbí àwọn tó ń ṣírò ọ̀nà òfurufú. Nígbà tí àwọn èèyàn bi Hill pé níbo ló ti gbọ́ ọ, ó ní òun kò rí ìwé tí òun kọ orúkọ àwọn tó sọ ọ́ fún òun sí mọ́.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ ní NASA ń parọ́, bí àwọn kan ṣe máa ń sọ. Ọdún 1958 ni wọ́n dá NASA sílẹ̀. Ní 1890, sójà kan tó ń kọ́ni ní Yale, Charles Totten, ti tẹ ìwé jáde lórí ọjọ́ gígùn Jóṣúà, ó ní ìṣirò òun fi hàn pé ọjọ́ kan dín. Ní 1936, oníwàásù kan tó ń jẹ́ Harry Rimmer tún un sọ nínú ìwé tirẹ̀, wákàtí 23 àti ìṣẹ́jú 20 yẹn ti wà níbẹ̀, ìṣẹ́jú 40 yẹn náà ti wà níbẹ̀. Ta ló wá rí i nínú kọ̀ǹpútà? Ẹ̀wù tuntun ni wọ́n wọ̀ fún ìtàn àtijọ́, ní àsìkò tí gbogbo ayé ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ará Amẹ́ríkà tó gúnlẹ̀ sí òṣùpá ní 1969. Àwọn tó ń gbé e kiri lóde òní kàn fi ohùn Yorùbá àti orin sí i ni.

Ọmọ tó ń ka Físíìsì yẹn sì ní ìdí mìíràn tó fi mọ̀, bóyá kò ráyè ṣàlàyé ni. Ibi tí oòrùn, òṣùpá àti ayé wà lónìí ni oníṣirò ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń fa ara wọn, ó sì ń fi òfin yẹn lọ síwájú tàbí kó fi padà sẹ́yìn. Tí ayé bá dúró fún ọjọ́ kan ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọdún sẹ́yìn, tó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí yí bíi ti tẹ́lẹ̀, kò sí ohun tó máa ta ìṣirò náà lólobó. Yóò kàn gba orí ọjọ́ yẹn kọjá ni. Ohun kan ṣoṣo tó lè fi irú rẹ̀ hàn ni kí ẹnì kan nígbà náà ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé lọ́jọ́ báyìí, ní wákàtí báyìí, òṣùpá bo oòrùn ní ìlú wa, kí àwa wá fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ wé ìṣirò tiwa.

Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà. Àwọn ará Bábílónì kọ ọ́ sórí amọ̀, àwọn ará Ṣáínà náà kọ tiwọn, Richard Stephenson àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì fi ọ̀pọ̀ ọdún yẹ̀ wọ́n wò. Wọ́n rí i pé yíyí ayé ń lọ́ra díẹ̀díẹ̀, tó fi jẹ́ pé ọjọ́ ń gùn sí i ní ohun tí kò tó ìdá méjì nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún. Àmọ́ nǹkan bí ọdún 720 kí a tó bí Jésù ni àwọn àkọsílẹ̀ tí wọ́n lè gbára lé ti bẹ̀rẹ̀. Jóṣúà ti sùn tipẹ́tipẹ́ nígbà náà. Kò sí ẹni tó lè fi ìṣirò ojú ọ̀run sọ pé ọjọ́ yẹn ṣẹlẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè fi sọ pé kò ṣẹlẹ̀. Ẹ má rò pé èmi nìkan ló ń sọ èyí. Ilé iṣẹ́ NASRDA, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà, wà níbí lójú ọ̀nà Airport Road, àwọn ló fi sátẹ́láìtì NigeriaSat-1 ránṣẹ́ sófurufú ní 2003. Bí ìjọ bá lè gbàyè lọ́wọ́ wọn, ẹ kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń fi irú ìṣirò yìí jẹun.

Ti ìṣẹ́jú 40 yẹn tiẹ̀ rọrùn. Ẹni tó gbé e jáde gbà pé ìdá kọ̀ọ̀kan nínú òjìdínnírinwó (360) ìdá tí a pín òbìrí sí ni ìwé Àwọn Ọba ń sọ, pé mẹ́wàá nínú rẹ̀ sì jẹ́ ìṣẹ́jú 40 nínú wákàtí 24. Orí àtẹ̀gùn Áhásì ni òjìji yẹn ti padà sẹ́yìn, àtẹ̀gùn mẹ́wàá ló sì fi padà. Ta ló mọ iye ìṣẹ́jú tí òjìji fi ń ti orí àtẹ̀gùn kan dé èkejì láàfin Jerúsálẹ́mù?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣí Jóṣúà fúnra rẹ̀. Àwọn ará Gíbéónì ti fi búrẹ́dì tó bu àti bàtà tó gbó tan Jóṣúà jẹ, wọ́n sì gba májẹ̀mú lọ́wọ́ rẹ̀. Ọba Ámórì márùn-ún gbọ́, wọ́n gbógun dé ẹnubodè wọn. Jóṣúà kò sọ pé, ẹ̀tàn lẹ fi gba májẹ̀mú, ẹ lọ yanjú ara yín. Ó kó ọmọ ogun láti Gílígálì, wọ́n fi gbogbo òru gòkè láti àfonífojì Jọ́dánì, wọ́n sì já lu ọ̀tá láìròtẹ́lẹ̀. Bí àwọn yẹn ṣe ń sá lọ, yìnyín já lù wọ́n láti ojú ọ̀run, ó pa ju iye tí idà pa lọ. Ìgbà yẹn la tó kan ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa mọ̀: “Ìwọ, oòrùn, dúró jẹ́ẹ́ lórí Gíbéónì, àti ìwọ, òṣùpá, ní àfonífojì Áíjálónì.”

Gíbéónì kì í ṣe ìlú inú àlọ́. Abúlé el-Jib ni, ní nǹkan bíi kìlómítà mẹ́wàá sí Jerúsálẹ́mù. James Pritchard gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ láàárín 1956 sí 1962, ó sì rí etí ìṣà tí wọ́n kọ orúkọ ìlú náà sí lára. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni ibi tí ìlú méjèèjì wà. Gíbéónì wà lápá ìlà oòrùn, àfonífojì Áíjálónì wà lápá ìwọ̀ oòrùn. Bí oòrùn bá wà lórí Gíbéónì, tí òṣùpá sì wà lápá Áíjálónì, a jẹ́ pé òwúrọ̀ ni. Ẹni tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ bá, kí ló dé tó fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ilẹ̀ má tíì ṣú?

Ìbéèrè yìí ló pín àwa tí a ń kọ́ ìwé yìí sí ọ̀nà púpọ̀. Àwọn kan ní Jóṣúà kò tọrọ ìmọ́lẹ̀ sí i rárá, pé ṣe ló fẹ́ kí ìṣúdẹ̀dẹ̀ ìjì yìnyín yẹn pẹ́, kí oòrùn má ràn. Àwọn mìíràn ní àmì ló ń tọrọ. Àwọn awòràwọ̀ Mesopotámíà máa ń kọ̀wé sí ọba wọn pé bí oòrùn àti òṣùpá bá kọjú síra ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù, ire ló ń bọ̀, bó bá bọ́ sí ọjọ́ mìíràn, ibi ni. Tí àwọn ọba Ámórì bá ní irú ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé Jóṣúà ń bẹ Ọlọ́run kó fi ojú ọ̀run fúnra rẹ̀ já wọn láyà. Mo fẹ́ràn àlàyé kejì yìí, àmọ́ kò yanjú tán, nítorí ẹsẹ 13 tún sọ pé oòrùn dúró ní àárín ọ̀run, kò sì yára wọ̀ ní nǹkan bí odidi ọjọ́ kan.

Èyí tó tún gba orí rédíò àti íntánẹ́ẹ̀tì kan ni ti 2017, nígbà tí Colin Humphreys àti Graeme Waddington, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ pé òṣùpá ló bo oòrùn ní ilẹ̀ Kénáánì ní ọjọ́ 30 oṣù October, ọdún 1207 kí a tó bí Jésù. Ìṣirò wọn kì í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó tiẹ̀ bọ́ sí àsìkò Fáráò Merneptah, ẹni tí òkúta rẹ̀, tí wọ́n hú jáde ní Íjíbítì ní 1896, dárúkọ Ísírẹ́lì. Ohun tó ń dí mi lọ́nà níbẹ̀ kò ju pé bí òṣùpá bá fẹ́ bo oòrùn, ojú kan náà ni àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ wà. Ẹsẹ Bíbélì yẹn fi ọ̀kan sí Gíbéónì, ó fi èkejì sí Áíjálónì. Èmi kò rí bí a ṣe lè mú un bá a mu.

Ó wá ku ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń fò kọjá. Lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Jóṣúà, ẹni tó kọ ìwé náà béèrè pé: a kò ha ti kọ èyí sínú ìwé Jáṣárì? Ó ń sọ ibi tó ti mú un ni. Ìwé Jáṣárì ti sọnù mọ́ ayé lọ́wọ́, àmọ́ a tún bá a nínú Sámúẹ́lì Kejì orí kìíní, níbi tí Dáfídì ti sun rárà arò fún Sọ́ọ̀lù àti Jónátánì. Ó jọ pé ìwé orin àwọn akọni ni. Orin ni àwọn ìlà oòrùn àti òṣùpá yẹn, ó sì ní àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú Bíbélì. Débórà kọrin pé àwọn ìràwọ̀ jagun láti ọ̀run wá bá Sísẹ́rà. Hábákúkù kọ ọ́ pé oòrùn àti òṣùpá dúró jẹ́ẹ́ ní ibùgbé wọn nígbà tí Olúwa jáde lọ sógun. Àwa Yorùbá kò yẹ kí èyí ṣòro fún wa. Nígbà tí akéwì ààfin bá ní kábíyèsí dìde, ilẹ̀ mì tìtì, kò sẹ́ni tó máa sáré lọ bi àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ bóyá ẹ̀rọ wọn gbọ́ ọ. A kò sì ní tìtorí ìyẹn pe akéwì ní òpùrọ́. Ẹni tó gbọ́ ọ mọ̀ pé agbára ọba ni wọ́n ń sọ.

Mi ò sọ pé ẹ lọ sọ fún àwọn ọmọ pé orin lásán ni o. Ẹni tó kọ ìwé náà fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tì í: ó ní kò sí ọjọ́ tó dà bí ọjọ́ náà, ṣáájú rẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wo ohun tó ní ó fi yàtọ̀, ó wà ní ẹsẹ 14. Kò sọ pé nítorí oòrùn. Ó ní nítorí pé Olúwa gbọ́ ohùn ènìyàn, Olúwa sì jà fún Ísírẹ́lì. Fún òun, ìyẹn ni ìyanu inú ìtàn náà. Àwa la gbàgbé ẹsẹ 14, tí a wá ń sáré kiri pẹ̀lú aago. Ẹni tó bá gbà pé Ọlọ́run dá ayé dúró gangan, kò sí ohun tí mo fẹ́ fi bá a jà. Kó kàn rántí pé ibi tó jókòó sí ní Kubwa ń bá ayé yí ní nǹkan bíi kìlómítà 1,650 láàárín wákàtí kan. Bí ìyẹn bá dúró lójijì tí ife omi kò sì dànù, iṣẹ́ ìyanu kan kọ́ la ń sọ mọ́, wọ́n ti di púpọ̀. Ìgbàgbọ́ lè gba irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí lára ohun tí kọ̀ǹpútà ń fọwọ́ sí.

Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa kọ́kọ́ béèrè. Ní December 1613, nídìí oúnjẹ àárọ̀ ní ìlú Pisa, obìnrin ọlọ́lá kan, Christina, ìyá ọba Tuscany, bi Benedetto Castelli pé tó bá jẹ́ pé ayé ló ń yí, báwo ni Jóṣúà ṣe pàṣẹ fún oòrùn? Castelli sọ fún ọ̀gá rẹ̀, Galileo, onímọ̀ ìràwọ̀ tó gbà pé ayé ló ń yí. Galileo kọ lẹ́tà sí Castelli, ó sì tún kọ èyí tó gùn jù sí Christina fúnra rẹ̀ ní 1615. Ó fa ọ̀rọ̀ kádínà kan yọ níbẹ̀, pé bí a ṣe ń dé ọ̀run ni Ẹ̀mí Mímọ́ fẹ́ kọ́ wa, kì í ṣe bí ojú ọ̀run ṣe ń yí. Ìjọ Àgùdà ṣẹjọ́ rẹ̀ ní 1633 lórí ọ̀rọ̀ ayé tó ń yí yìí, wọ́n sì há a mọ́lé títí ó fi kú. Ní 1992 ni Póòpù John Paul Kejì tó sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn tó dá a lẹ́bi ṣàṣìṣe. Kí àwa tí kì í ṣe ìjọ Àgùdà má sì yọ̀ jù, wọ́n ní Luther tiwa náà fi Jóṣúà yìí kan náà bú Copernicus, ẹni tó ní ayé ló ń yí po oòrùn, nídìí tábìlì oúnjẹ. Calvin ló ní sùúrù. Nígbà tó ń ṣàlàyé Jẹ́nẹ́sísì, ó ní ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ìràwọ̀, kó gba ibòmíràn lọ, pé bí ojú gbogbo èèyàn ṣe rí i ni Mósè kọ ọ́.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni ibi tí a ń gbé. Níhìn-ín lókè Ọya, ọ̀rọ̀ ojú ọ̀run kì í ṣe eré. Ní January 2001, òjìji ayé bo òṣùpá, àwọn ọ̀dọ́ kan ní Maiduguri sì ya sígboro, wọ́n ń ba òtẹ́ẹ̀lì àti ilé ọtí jẹ́, wọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń dá níbẹ̀ ló fà á. Nígbà tí òṣùpá fẹ́ bo oòrùn ní March 2006, ìjọba tètè kéde rẹ̀ kí irú rẹ̀ má baà tún ṣẹlẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé àwọn ọ̀dọ́ 2001 yẹn kò rántí hádíìsì tiwọn: nígbà tí ọmọ Ànábì Muhammad, Ibrahim, kú, tí oòrùn sì ṣókùnkùn lọ́jọ́ náà, àwọn èèyàn ní nítorí ọmọ náà ni. Ànábì ní rárá, oòrùn àti òṣùpá kì í ṣókùnkùn nítorí ikú tàbí ìyè ẹnikẹ́ni. Àwọn Mùsùlùmí àdúgbò yín sì mọ Jóṣúà o, Yusha ni wọ́n ń pè é. Hádíìsì wà pé Ọlọ́run dá oòrùn dúró fún un títí ó fi ṣẹ́gun. Tí ẹ bá fẹ́ fi fídíò NASA yẹn ṣẹ́gun ẹnikẹ́ni, àwọn tí ẹ fẹ́ fi ṣẹ́gun ti gba ìtàn náà gbọ́ kí ẹ tó dé.

Augustine, bíṣọ́ọ̀bù ìgbà àtijọ́, ti kìlọ̀ fún wa ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan àti ẹgbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn. Ó ní ìtìjú ńlá ni kí Kristẹni máa sọ ìsọkúsọ nípa ojú ọ̀run níwájú ẹni tó mọ̀ ọ́n, nítorí ẹni yẹn kò ní gbà á gbọ́ mọ́ nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀ àjíǹde. Ọmọ tó ń ka Físíìsì yẹn ni Augustine ń sọ gan-an. Tí ìjọ bá ní kó yàn láàárín ohun tó kọ́ ní yunifásítì àti fídíò tí kò ní orísun, kò ní yan fídíò, ó sì lè rò pé Kristi ló ń kọ̀. Jóòbù orí 13 tiẹ̀ bi àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bóyá wọ́n fẹ́ tìtorí Ọlọ́run parọ́ ni.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, ẹ sọ fún kíláàsì pé ẹ ti wádìí, pé ìtàn kọ̀ǹpútà kì í ṣe òótọ́. Ẹ fún ọmọ yẹn láyè díẹ̀ kó ṣàlàyé ìdí tí kò fi ṣeé ṣe, kí ẹ̀yin wá ka Jóṣúà 9 àti 10 pa pọ̀ láìfò ẹsẹ kankan, títí dé ẹsẹ 14. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá ara wọn jiyàn lórí oòrùn òwúrọ̀ yẹn, wọ́n á gbádùn rẹ̀. Ní ti àwọn òbí, ẹ má dá wọn lóhùn lórí WhatsApp. Ẹ lọ bá wọn nílé, kí ẹ mú ọmọ náà dání, kó kí wọn dáadáa. Bí wọ́n bá ṣì bínú, ẹ ní èmi ni mo ní kí ẹ wá.